Ọwọ́ Òsì Kọ́ ni À Á Fi Júwe Ọtí Ilé Baba Ẹni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ọtí ìbílẹ̀, ọwọ́ òsì gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń júwe rẹ̀. Bí ìnáwó bá dé, bíà inú ìgò ni wọ́n ń tò síwájú àwọn àlejò pàtàkì; bí ẹmu bá tilẹ̀ yọjú, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń gbé e sí fún àwọn onílù. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti di ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọtí ọkà bàbà ti di ọtí tálákà. Bí ẹnì kan bá sì dá a lábàá pé ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń pọn ọtí ní ìmọ́tótó nínú ilé, ariwo yóò ta pé onítọ̀hún fẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ di ọ̀mùtí.

Ẹ̀sùn méjì ni àwọn tí ń kẹ́gàn ọtí ìbílẹ̀ máa ń kà sí i lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ó dọ̀tí. Wọ́n sì ní ó ń pa ènìyàn. Ẹ̀sùn wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, nítorí pé òkú ti sùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u palẹ̀ dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe ọtí tí ìyá àgbà pọn nínú ìkòkò ni ó pa àwọn tí ó kú. Àìmọ̀ ni ó pa wọ́n, àti ìwà ọ̀dájú àwọn tí ń da kẹ́míkà pọ̀ mọ́ ohun tí ènìyàn ń mu. Àìmọ̀ náà sì ń gbilẹ̀ sí i nítorí pé àwọn tí ó yẹ kí wọ́n kọ́ni ti fi ìtìjú pa ẹnu wọn mọ́.

Ọ̀NÀ SAPELE

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí ọ̀rọ̀ yìí ti lọ́jú pọ̀ tó, kí ó tọ Sapele Road ní ìlú Benin lọ. Láti àárín ìlú, ní gbàgede tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ring Road, ni ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó dorí kọ gúúsù, ó gba Ologbo kọjá, ó sì wọ Sapele lọ. Bí ènìyàn ti ń súnmọ́ odò ni àbàtà ń pọ̀ sí i, àbàtà sì ni ilé igi ògùrọ̀. Níbi tí ògùrọ̀ bá gbé pọ̀, ẹmu yóò pọ̀. Níbi tí ẹmu bá sì pọ̀ ju èyí tí a lè mu tán kí ó tó kan, àwọn ènìyàn yóò wá ọgbọ́n tí wọn yóò fi tọ́jú rẹ̀. Ọgbọ́n náà ni ògógóró. Sapele gbajúmọ̀ nídìí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí “omi Sapele” fi di ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí àwọn ará Nàìjíríà ń pe ọtí náà, láti Èkó títí dé Port Harcourt.

Ṣùgbọ́n ògógóró nìkan kọ́ ni ọtí tí ó wà ní àgbègbè yìí. Pìtó, tí a ń fi àgbàdo tàbí ọkà bàbà pọn, ti wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Benin fún ọjọ́ pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ bíà. Ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò sí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ilẹ̀ Yorùbá, nítorí ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ń pọn méjèèjì. Lẹ́yìn èyí ni ilé-iṣẹ́ ńlá dé. Ní 1974 ni Guinness dá ilé-iṣẹ́ apọntí sílẹ̀ ní Benin láti máa pọn bíà Harp. Ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Bendel Brewery, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ìjọba náà ti kógbá wọlé. Ìkòkò pìtó kò kógbá wọlé ní tirẹ̀, nítorí kò gba ẹ̀rọ láti òkè òkun, kò sì dúró de owó ìjọba.

Ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn: ògógóró, pìtó àti bíà. Àṣìṣe tí ó wà nídìí gbogbo àríyànjiyàn yìí ni pé àwọn ènìyàn kó ògógóró àti pìtó sínú àpò kan náà, wọ́n ní “ọtí ìbílẹ̀” ni méjèèjì, wọ́n wá gbé bíà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọlọ́lá. Ní òtítọ́, bíà àti pìtó ni ọmọ ìyá. Ọkà tí a mú kí ó hù ni wọ́n fi ń pọn àwọn méjèèjì. Ìwúkàrà ni ó ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí. Ẹmu pẹ̀lú wà nínú ìdílé yìí, àfi pé ọ̀pẹ ni ó fún un ní ṣúgà tirẹ̀, afẹ́fẹ́ àti agbè ni ó sì fún un ní ìwúkàrà. Ògógóró yàtọ̀. Ẹmu tí ó ti kan ni wọ́n ń gbé ka iná, tí wọ́n ń darí oru rẹ̀ gba inú páìpù tí ó la omi tútù kọjá, tí oru náà sì ń di omi ní ìkángun kejì. Agbára ọtí tí ń bẹ nínú ẹmu kò ju nǹkan bí 4 tàbí 5 nínú 100. Ti ògógóró lè tó 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jíìnì àti wisikí òyìnbó ni ìbátan ògógóró. Ẹni tí ó bá ń fi ẹ̀ṣẹ̀ ògógóró jẹ pìtó níyà dà bí ẹni tí ó gbé ọmọ aládùúgbò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí olè tí ọmọ ẹlòmíràn jà.

IBI TÍ ÌTÌJÚ TI WÁ

Ìtìjú tí ó bo ọtí ìbílẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ti ọ̀run wá. Òfin ni ó bí i. Ní 1919, àwọn ìjọba amúnisìn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan ní St. Germain-en-Laye ní ilẹ̀ Faransé, nínú èyí tí wọ́n ti ka síse ọtí líle léèwọ̀ fún àwọn ènìyàn Áfíríkà. Wọ́n ní nítorí àlàáfíà àwọn ọmọ ilẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni jíìnì Yúróòpù ń wọlé láti etíkun ní àkókò kan náà, owó bodè orí ọtí tí ń wọlé sì ti wà fún ọjọ́ pípẹ́ lára àwọn orísun owó tí ìjọba gúúsù Nàìjíríà gbójú lé. Nígbà tí ògógóró wá tàn kálẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, tí ó sì dínwó ju jíìnì àjèjì lọ, ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ igbó àti àbàtà, wọ́n ń fọ́ ìkòkò, wọ́n ń kó ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n. Kò sẹ́ni tí ó jókòó ti àwọn tí ń se é láti kọ́ wọn ní ọ̀nà tí kò léwu. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni bí a ti ń sá pamọ́. Iṣẹ́ tí a bá sì ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀, lóru, nínú igbó, pẹ̀lú ìbẹ̀rù, kò lè mọ́ tónítóní.

Nígbà tí ó di 1949, ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó. Láti ìgbà náà ni ìpolówó ọjà ti ń sọ fún ọ̀dọ́mọdé pé ọ̀làjú wà nínú ìgò. Gbogbo àwọn tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ni ó yẹ kí ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1988. Ní ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ọkà báálì híhù tí àwọn ilé-iṣẹ́ bíà ń kó wọlé láti òkè òkun. Kí ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí ṣe? Wọ́n padà sídìí ọkà bàbà àti àgbàdo. Ọkà tí ìyá onípìtó fi ń pọn ọtí, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń yọ ṣùtì ètè sí, òun náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi gba àwọn ilé-iṣẹ́ bíà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìkógbásílé. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń kẹ́gàn ọtí ọkà bàbà ní àkókò náà ni ó ń mu ún láti inú ìgò láìmọ̀.

ODE-IRELE

Àwọn alátakò yóò béèrè pé àwọn tí ó kú ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ní oṣù kẹrin 2015, ní Ode-Irele ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣú, àwọn mìíràn kò ríran mọ́, láàárín ọjọ́ kan wọ́n á ti dákẹ́. Ẹni tí ó lọ lé ní mẹ́wàá kí a tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú. Àwọn mìíràn ní oògùn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa koríko ni. Nígbà tí àyẹ̀wò parí, a rí i pé methanol ni, kẹ́míkà kan tí ó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de títa ògógóró.

Ohun tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ nípa methanol kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà lè gba ẹ̀mí là. Ó jọ ọtí ní ojú, ó jọ ọ́ ní òórùn, ahọ́n kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìwọ̀n tí kò ju ṣíbí ìmutíì méjì lọ lè fọ́ ojú ènìyàn. Ohun tí kò tó ìdajì ife kékeré lè pa á. Kì í pani lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ó lè tó wákàtí 12 tàbí 24 kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyí tí ẹni tí ó mu ún fi ń rò pé òun ti bọ́. Ẹni tí ó bá mu ògógóró lónìí tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lọ́la, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ, kì í ṣe ilé aláwo. Ọ̀nà tí kẹ́míkà náà ń gbà wọ inú ọtí ni àbùlà, nígbà tí oníwọ̀ra bá da ohun tí wọ́n ń lò ní ilé-iṣẹ́ ọ̀dà àti kẹ́míkà mọ́ ọtí kí ó lè pọ̀ kí ó sì le. Síse ọtí láìmọ ìmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ẹmu ka iná nínú ilé rẹ̀ láti fi ṣe ògógóró. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó wà lábẹ́ àṣẹ àti àyẹ̀wò ni.

Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ òfin tí ó de gbogbo rẹ̀ ni ojútùú? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Odidi sáà ìjọba amúnisìn ni wọ́n fi de ògógóró. Kò kú, ó kàn sá wọ igbó ni. Ní Ghana, akpeteshie tí í ṣe èkejì ògógóró gba àṣẹ lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira, ó jáde sí gbangba, ohun tí ó bá sì wà ní gbangba ni a lè yẹ̀ wò. Ìtàn ìṣẹ̀dá tí àwọn Yorùbá ń sọ pàápàá kọ́ni lọ́gbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ẹmu ni Ọbàtálá mu tí oorun fi gbé e lọ, tí iṣẹ́ tí Olódùmarè rán an fi bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí ni àwọn àgbà wá ṣe? Wọn kò gé ọ̀pẹ run. Wọ́n ka ẹmu léèwọ̀ fún àwọn ọmọ Ọbàtálá, wọ́n sì fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Ògún. Wọ́n mọ ibi tí èèwọ̀ yẹ, wọ́n mọ ibi tí kò yẹ.

BÍ ÌMỌ́TÓTÓ ṢE WÀ NÍNÚ ÌMỌ̀

Ẹ̀sùn ìdọ̀tí ni ó kù. Ẹni tí ó bá ti wo ìyá arúgbó kan tí ń pọn ọtí ọkà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò mọ̀ pé gbogbo ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà ni ó ní ìdí, àti pé púpọ̀ nínú àwọn ìdí náà ni sáyẹ́ǹsì ti wá jẹ́rìí sí. Kí a tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, kí a lè rí ohun tí à ń kọ̀ láti kọ́ ọmọ.

Ọkà ni àkọ́kọ́. A gbọ́dọ̀ ṣà á, kí a yọ gbogbo èyí tí ó ti bu tàbí tí kòkòrò ti jẹ, nítorí májèlé ń bẹ nínú èbu tí sísè kì í pa. Ọkà tí wọ́n fi oògùn pa láró fún gbíngbìn kò gbọdọ̀ súnmọ́ ìkòkò ọtí rárá. Lẹ́yìn ṣíṣà, a ó rẹ ọkà sínú omi fún ọjọ́ méjì, a ó máa pààrọ̀ omi rẹ̀. A ó tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, a ó da ọkà náà sí i, a ó fi ewé bò ó, a ó sì máa wọ́n omi sí i fún bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún títí yóò fi hù. Híhù yìí ni kókó iṣẹ́ náà. Nígbà tí ọkà bá ń hù ni ó ń pèsè èròjà tí yóò sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di ṣúgà. Ọkà tí kò hù kò lè di ọtí lọ́nà yìí, bó ti wù kí a sè é tó.

Lẹ́yìn náà ni sísá sí oòrùn, tí a ó sì fi ọwọ́ ra á kí gbòǹgbò àti èhù rẹ̀ lè bọ́ dànù. Àwọn ọmọdé máa ń rò pé nítorí ẹwà ni. Rárá o. Májèlé ń bẹ nínú èhù ọkà bàbà, irú èyí tí ó wà nínú pákí tútù. Àwọn darandaran mọ̀ ọ́n, nítorí ọ̀dọ́ ọkà bàbà a máa pa màlúù. Sísá, rírà àti sísè láìdé ìkòkò ni ó ń lé májèlé náà lọ. Àwọn tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n gbé ìgbésẹ̀ mẹ́ta yìí kalẹ̀, àwọn tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì ń pè wọ́n ní òpè.

Nígbà tí a bá ti lọ ọkà, a ó pò ó mọ́ omi, a ó gbé e ka iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tí ó bá fi iná ńlá sí i lójijì yóò pa èròjà tí ó ń sọ ìyẹ̀fun di ṣúgà, ọtí rẹ̀ yóò sì ṣàn bí omi ẹ̀kọ. Kí ó gbóná tó bí ọwọ́ kò ṣe lè gbà á, ṣùgbọ́n kí ó má tíì hó, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni kí ó hó dáadáa. A ó sẹ́ ẹ, a ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó kan díẹ̀, a ó tún sè é, a ó jẹ́ kí ó tutù, a ó wá bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná sí i. Nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí ni ìwúkàrà ń gbé. Bí a bá da á sí ọtí gbígbóná, ó kú. Bí a bá da á sí èyí tí ó tutù, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ọtí ti délé. Agbára rẹ̀ kì í sábà ju 3 nínú 100 lọ, kò tó ti ọ̀pọ̀ bíà inú ìgò.

Àwọn ohun èlò pẹ̀lú ní òfin tiwọn. Ìkòkò amọ̀ tàbí abọ́ tánganran tí kò fọ́ lára dára. Garawa páànù kò dára, nítorí kíkan ọtí ń jẹ ẹ́, ó sì ń wọ inú ọtí. Kẹ́ẹ̀gì tí a ti fi ra kẹ́míkà tàbí oògùn oko rí kò ṣeé fọ̀ mọ́ láéláé. Ẹni tí ó bá rọ ọtí sínú rẹ̀ ti rọ ikú sínú rẹ̀. Omi híhó ni kí a fi ṣan gbogbo ohun èlò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọtí bá ṣì ń hó, aṣọ mímọ́ ni kí a fi bò ó, kí a má ṣe dé e pa sínú ìgò, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè fọ́ ìgò bí ìbọn.

Ti ẹmu rọrùn jù ní sísọ, ó sì ṣòro jù ní pípa mọ́. Bí ó ti ń kán sínú agbè ni ìwúkàrà ti ń bá a ṣiṣẹ́: ní àárọ̀, ó dùn; ní ìrọ̀lẹ́, ó ti le; ní ọjọ́ kejì, ó ti ń lọ sí ọ̀nà kíkan. Adẹ́mu tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa fọ agbè lójoojúmọ́, a sì máa sẹ́ oyin àti kòkòrò kúrò. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n, tàbí tí ojúkòkòrò ń yọ lẹ́nu, a máa bu omi sí i, a sì máa fi sakarín bo àbùlà náà. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ọ̀pẹ tí à ń pè ní NIFOR, tí ó wà ní ẹ̀yìn ìlú Benin láti 1939, ti fi hàn pé ẹmu ṣeé rọ sínú ìgò kí ó sì pẹ́. A ó sẹ́ ẹ, a ó rọ ọ́ sínú ìgò, a ó ki àwọn ìgò náà bọ omi gbígbóná tí kò hó, bí ìwọ̀n 70°C, fún nǹkan bí ìdajì wákàtí tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru náà yóò pa ìwúkàrà, ẹmu yóò sì dúró sí ibi tí a fẹ́ kí ó dúró sí.

Ẹni tí kò ní ọ̀pẹ tàbí ọkà pàápàá kò wà láìní ọ̀nà. Àgàdàgídí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n kọjá jíjẹ ni a fi ń ṣe é, omi tí a sì rẹ ẹ́ sí fún ọjọ́ díẹ̀ ni ó ń di ọtí. Ọ̀pẹ̀yìnbó ṣeé fi ṣe wáìnì: kí a fún omi rẹ̀, kí a fi ṣúgà àti ìwúkàrà búrẹ́dì díẹ̀ sí i, kí a rọ ọ́ sínú ìgò ńlá, kí a fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ojú ìdérí rẹ̀ jáde sínú ife omi. Afẹ́fẹ́ inú ìgò yóò máa gba inú omi jáde, ti òde kò ní lè wọlé, wáìnì náà kò sì ní di ọtí kíkan kí ó tó gbó.

ÀWỌN TÍ KÌ Í MU ÀTI ÀWỌN TÍ KÒ GBỌDỌ̀ MU

Ẹnì kan yóò sọ pé ẹ̀sìn òun kò fàyè gba ọtí. Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń ro ife sí i lọ́wọ́. Ẹni tí ń mọ ìkòkò kò gbọdọ̀ jẹ gbogbo ohun tí a bá sè nínú rẹ̀. Mùsùlùmí tí ó mọ̀ pé èbu ọkà ní májèlé yóò fi ìmọ̀ náà ṣọ́ ògì ilé rẹ̀. Kristẹni tí kì í fi ẹnu kan ọtí yóò fi ìmọ̀ ìwúkàrà ṣe búrẹ́dì. Ohun tí ó burú ni pé kí ènìyàn fi ẹ̀sìn bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀, kí ó wá pè é ní ìwà mímọ́.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń mu àmujù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń mu? Bíà inú ìgò àti jíìnì inú ọ̀rá ni. Ta ni ó kọ́ wọn? Àwọn oníṣòwò ni. Ẹni tí ó ti fi ọjọ́ mẹ́wàá rẹ ọkà, tí ó sá a, tí ó lọ̀ ọ́, tí ó sè é lẹ́ẹ̀mejì, tí ó mọ ohun tí ó wà nínú ife rẹ̀ ẹyọ kan, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jọ ẹni tí ó fi owó péréte ra ohun tí kò mọ orísun rẹ̀ tí ó sì dà á sọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọmọ kékeré, aboyún àti ẹni tí yóò wa ọkọ̀ má ṣe fi ẹnu kan ọtí rárá. Ìyẹn pẹ̀lú wà lára ohun tí ó yẹ kí a kọ́ni, ẹnu olùkọ́ tí kò sì lè pe orúkọ ọtí kò lè kọ́ni ní èèwọ̀ rẹ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ̀KA ÈDÈ YORÙBÁ ṢE

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀ka èdè ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Iṣẹ́ kì í kú nìkan. Èdè rẹ̀ ni ó máa ń bá a lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni ó lè sọ ìyàtọ̀ láàárín ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀? Mélòó ni ó mọ ohun tí igbà wà fún ní ìdí adẹ́mu, tàbí tí ó lè ka ìgbésẹ̀ ọtí ọkà láti orí rírẹ dé orí sísẹ́ ní èdè Yorùbá láìfi Gẹ̀ẹ́sì là á? Amos Tutuola fi ìtàn ọ̀mùtí ẹlẹ́mu kan la gbogbo ayé já ní 1952. Ó burú bí ọmọ Yorùbá bá ní láti lọ ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà kí ó tó mọ̀ pé ẹmu níyì. Àwọn ìyá tí wọ́n mọ èdè iṣẹ́ yìí ń darúgbó lọ. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìwé àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní ìtọ́jú ilé àti oúnjẹ àti ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì bá wọn lọ, kí wọ́n wọn agbára ọtí náà, kí wọ́n yẹ ọkà rẹ̀ wò, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ ní èdè tí ìyá onípìtó àti ọmọ rẹ̀ lè kà. Olùkọ́ tí ó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ yìí jáde ni yóò gbé e lọ sí abúlé.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá kọ̀ láti ṣe é, ẹ̀kọ́ náà kò ní ṣaláìsí. Àwọn oníkẹ́míkà yóò kọ́ni ní tiwọn, láti inú kẹ́ẹ̀gì tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Iye tí ẹ̀kọ́ yẹn ń náni, Ode-Irele ti mọ̀ ọ́n.